Ìtàn Ìṣẹ̀dá Tí Mo Pè Ní Ìran

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi kiri. Àwọn orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì níbí ní Bìní. Ọkọ mi kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ó ń ṣe mí bíi kí n tún irú rẹ̀ ṣe, ẹ̀rù ara mi sì ń bà mí.

Yàrá kan náà ni èmi àti Fúnmi ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, akọrin ni nínú fẹ́lóṣíìpù wa, òun àti Brọ́dà Dàpọ̀ sì ti ń múra láti fẹ́ ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́. Èmi náà fẹ́ Dàpọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo rí àwòrán kan lórí bẹ́ẹ̀dì Fúnmi. Obìnrin ni, ó jókòó sórí ẹ̀yìn ìjàpá, omi sì yí i ká. Ara fu mí. Lójú àwa ará fẹ́lóṣíìpù nígbà yẹn, omi àti obìnrin nínú àwòrán kan ṣoṣo ti tó ohun tí a ó fi gbààwẹ̀. Mo bi í léèrè, ó bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún wọn ni. Fúnmi ń fi ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Irokọ́ì, ẹ̀yà kan tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀, wé ti àwọn Hébérù inú Bíbélì. Ó ń din dòdò lórí sítóòfù, ó ń sọ ọ́ fún mi. Nínú méjèèjì, omi ló ṣáájú ilẹ̀. Ní ti àwọn Hébérù, Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ilẹ̀ sì yọ. Ní ti àwọn Irokọ́ì, obìnrin olóyún kan já bọ́ láti òkè ọ̀run, àwọn ẹyẹ fi ìyẹ́ gbé e, ìjàpá ní kó jókòó sórí ẹ̀yìn òun, ẹranko kékeré kan bí òkété sì wọ ìsàlẹ̀ omi lọ bu ẹrẹ̀ wá. Ẹrẹ̀ yẹn ló di ayé.

"Ó fẹ́ jọ ti Ilé-Ifẹ̀ wa," ni mo wí.

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí, Bọ́lá. Níbì kan, obìnrin ń já bọ̀, gbogbo ẹranko sáré gbé e. Níbì kejì, wọ́n jẹ èso tán, ọ̀ràn dé, ọkọ obìnrin gan-an ló kọ́kọ́ nàka sí i."

Ó yé mi yékéyéké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nínú fẹ́lóṣíìpù wa, kí wọ́n tó kéde àfẹ́sọ́nà, ẹgbẹ́ adúrà máa ń gbààwẹ̀, wọ́n á sì wá sọ ohun tí Ọlọ́run fi hàn wọ́n lójú àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ ara wọn. Mo wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní mo rí Fúnmi lójú oorun, ó ń já bọ̀ láti òkè, ó bọ́ sórí omi, ìjàpá sì gbé e. Olórí wa mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀mí omi ni.

Fúnmi wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtàn tí mo ń kọ fún kíláàsì nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ fún Bọ́lá."

Olórí yíjú sí mi. "Sístà Bọ́lá, ṣé òun ló sọ ọ́ fún ọ?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ojú oorun ni mo ti rí i."

Dàpọ̀ dìde wéré. Ó ní òun náà ti ń fura, pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ wá Fúnmi, Fúnmi ló wá òun. Wọ́n yọ Fúnmi kúrò nínú akọrin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jẹun mọ́; ó kó kúrò ní yàrá wa lọ sí Iyaro, ládùúgbò mìíràn ní Bìní. Ìyá rẹ̀ wá láti ilé, ó kúnlẹ̀ bẹ olórí wa. Èmi ni mo bu omi fún ìyá náà mu. Ó gbàdúrà fún mi.

Dàpọ̀ ló padà fẹ́ mi. Oregbeni, níbí ní Bìní, là ń gbé. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní aríran, n kò sì rí nǹkan kan rí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé o. Gbogbo ènìyàn ni mò ń fura sí. Bí obìnrin kan bá tẹjú mọ́ mi ní ọjà Santana, màá fi ohun tí mo ń ná sílẹ̀, màá yà síbòmíràn. Bí ọkọ mi bá dákẹ́ jù, màá ní ó ti gbọ́.

Nísinsìnyí, Tómi, àkọ́bí wa, fẹ́ fẹ́ Osaze, ọmọ Bìní. Ọmọ náà dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kí wa, ó bi mí pé, "Madam, which fellowship you dey that time for school?" Ó ní òun náà kàwé níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ta ló rán an? Ó lè jẹ́ ìbéèrè lásán. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ Fúnmi. N kò fẹ́ kí obìnrin yẹn tún wọ ilé mi mọ́.

Ọkọ mi ní kí n gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Osaze. Ó ní ohun tí mo bá rí ni a máa tẹ̀lé. Láàárọ̀ yìí, Tómi tẹ̀lé mi wọ kíṣìnnì. "Mummy, abeg, wetin God show you?" Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Bí mo bá jẹ́wọ́, ilé mi lè tú. Bí mo bá ní mo rí ewu, ìyá Osaze ò ní padà wá mọ́, àṣírí mi á sì bò. Mo ti to ohun tí màá sọ pé mo rí, ó ti pé létè mi. Fúnmi, bí o bá ń ka èyí, dárí jì mí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Ààwẹ̀ náà ti fẹ́ parí, ọkọ mi sì ń dúró kí n wá sọ ohun tí mo rí.