Èmi Ni Mo Kó Ikọ́ Wọ Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, obìnrin tí mo ṣẹ̀ ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Festac. Èmi ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Mo ti ní ikọ́ ife rí. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ásímà ni. Bí ara mi ṣe yá díẹ̀ ni mo pa oògùn tì, nítorí ojú ń tì mí láti lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in. Nígbà tí ikọ́ padà dé, mò ń lá oyin, mo sì ń kọrin lọ. Àwọn aládùúgbò máa ń ráhùn ariwo wa, torí náà fèrèsé yàrá tí a ti ń dánrawò máa ń wà ní títì. Èmi ni mo máa ń tì í.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ṣeun, onídìrí ní Alákijà, wọ ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí òun náà ń wúkọ́, àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ní òun ló kó o wá, torí òun ni àlejò. Wọ́n bi mí. Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé ń wọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Wọ́n lé e, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà sì sá.

Àwọn elétò ìlera gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwa mẹ́rin tó ń wúkọ́ lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò náà ní ìdílé, bí ilé tó ń kọ ìlà ojú kan náà, pé ìlà kan ló wà lára tàwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní irú èyí tí apá oògùn àkọ́kọ́ ò ká mọ́ ni, pé àìlo oògùn parí ló sábà máa ń fà á. Ó bi wá ta ló ti lo oògùn ikọ́ rí. Mo dákẹ́. Wọ́n fún wa ní oògùn mìíràn.

Sátidé ni Ìyá Ṣeun gbé ògì wá fún mi. Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Wọ́n ní èmi ni mo kó o ràn yín. Mi ò mọ̀ rárá, mà."

Mo ní kó dìde, pé mo ti dárí jì í. Èmi o. Mo sì mu ògì náà.

Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò lọ gba oògùn mọ́, pé bí wọ́n ṣe ń nàka sí òun níbẹ̀, ojú ń ti òun.

Ohun tí mo ṣe gan-an ló fẹ́ ṣe yẹn, ó sì lè pa á. Tí mo bá jẹ́wọ́, ìjọ á lé mi bí wọ́n ṣe lé e. Abọ́ ògì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ lọ dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ṣílẹ̀kùn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?