Sàǹtímítà Mẹ́ta Tí Mo Fi Ba Bàbá Jùsítínì Jẹ́

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Láti ọdún kẹta Ehuzu, ìyẹn Ìyípadà ìjọba wa, ni mo ti pa irọ́ kan mọ́ inú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọkùnrin mi fẹ́ fẹ́ Jùsítínì, ẹbí ọkọ mi sì kọ̀. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò dalẹ̀.

Iṣẹ́ túyò, ìyẹn páìpù omi, ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa. Wọn kò tíì bí Jùsítínì nígbà náà. Ẹ̀rọ omi ọpọ́n ìwẹ̀ wa bàjẹ́, a sì pè é. Ilé Tàǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ni à ń gbé. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin àdúgbò. Mo kórìíra rẹ̀. Mo ṣì kórìíra rẹ̀.

Bàbá Jùsítínì wọn àárín ẹnu túyò omi tútù àti ti omi gbígbóná: sàǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwọ̀n Faransé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mọ túyò."

Tàǹtí gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Kí ló tiẹ̀ mọ̀? Ọmọ tí gbogbo ayé ń bí, kò mọ̀ ọ́n bí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Pẹ̀lú ìbínú yẹn ni mo dé ọjà Kraké, ní ẹnubodè Nàìjíríà, láti ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà lórí àtẹ. Ọ̀kan ṣú, ìwọ̀n Faransé ni. Èkejì ń dán, láti Nàìjíríà ló ti wá. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Omi kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Mítà, okùn ìwọ̀n, wà nínú àpò mi. Mi ò yọ ọ́. Mo ra èyí tó ń dán.

Ilé ni mo ti wọ̀n ọ́: méjìdínlógún.

Bàbá Jùsítínì ní ẹ̀rọ náà kò lè wọ ẹnu túyò. Tàǹtí fi dandan lé e pé kó tẹ túyò kó lè bá a mu. Túyò ṣẹ́ nínú ògiri, omi ya bo yàrá.

Tàǹtí béèrè: "Ta ló ní ká ra irú èyí?"

Mo ní, "Òun ni. Méjìdínlógún ló pè fún mi."

Bàbá Jùsítínì wò mí. "Ìyàwó, èmi?"

Tàǹtí figbe ta: "Ilé olórí ìgbìmọ̀ lo fẹ́ rì! Ọ̀tá Ìyípadà!"

Ní ìpàdé àdúgbò, wọ́n mú un dúró láàárín àgbàlá, wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ológun mú un lọ sí àtìmọ́lé fún oṣù méjì. Nígbà tó dé, ẹnikẹ́ni kò pè é síṣẹ́ mọ́. Ó kó lọ sí Sèmè-Kpodji létí òkun, ó ń bá àwọn apẹja fa àwọ̀n. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹ̀rù Tàǹtí sì bà mí. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò tó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi bínú, ó ní òun máa fi ilé sílẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni òun á máa wá kí, nítorí kò gbọ́ ọ rí kí n bú bàbá Jùsítínì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: ọmọ mi ni, àbí bàbá Jùsítínì?