Ìran Tí Mo Yí Padà Nítorí Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dópin kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé nǹkan yìí mì. Kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà sókè. Ìyàwó mi ò mọ̀. Àbúrò mi tí mo ṣe é fún gan-an ò mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Sunday tó ń bọ̀ ni àbúrò mi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni wọ́n sì ní kí n dìde ka ìran tí Ọlọ́run fi gbà á là sétí gbogbo ìjọ. Ìran yẹn kì í ṣe ti Ọlọ́run. Èmi ni mo kọ ọ́ láti inú orí ara mi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Télọ̀ ni mí, Jeppestown níbí ní Johannesburg ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aládùúrà ni wá. Yàrá ńlá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe la ti ń jọ́sìn. Èmi ni mò ń rán sùtánà fún ìjọ. Nítorí pé ọwọ́ mi yá, tí mo sì mọ Yorùbá kọ, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìran.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Aládùúrà lè má mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, akọ̀wé ni yóò kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, yóò dẹtí sí i lẹ́nu, yóò sì kọ gbogbo ohun tó bá jáde. Orin ń lọ, aago ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ yékéyéké ju akọ̀wé lọ. Bí ẹ̀mí bá sì ti fi wòlíì sílẹ̀, kì í rántí ohun tó sọ mọ́. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé akọ̀wé, òun ni Ọlọ́run sọ.

Obìnrin ni wòlíì wa, Màmá Wòlíì la máa ń pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, n kò kọ̀wé yìí láti ba orúkọ wọn jẹ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí tí n kò rílé gbé, pálọ̀ wọn ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta, oúnjẹ wọn ni mo sì ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká pe àbúrò mi ní Bùkọ́lá. Irun ló ń dì fún àwọn èèyàn. Ní ìparí ọdún 2008, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, a se àgbo fún un. Ara tún wá ń yún un, débi pé òòyà tó fi ń ya irun oníbàárà ló fi ń họ ẹ̀yìn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ó sì wà lójú ọ̀nà tí òróǹro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan bọ ibẹ̀ kí òróǹro lè máa ṣàn títí tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé rọ́bà náà lè dí. Ó ní bí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó sì ń gbọ̀n, kí a má dúró dọ̀la, kí a gbé e wá.

Ó dí lóòótọ́. Lọ́sàn-án Friday kan, Bùkọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń kan ara wọn gbàgbà. Mo ní ká máa lọ. Ó ní òun ò lọ síbì kankan.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú," ó ní. "Abẹ́rẹ́ ti sú mi. Ọlọ́run ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá ní kí n lọ, màá lọ. Bó bá ní kí n jókòó, màá jókòó."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Ìyàwó mi sunkún. Ẹ ò mọ Bùkọ́lá ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà nílé wa n'Íléṣà, odindi ọjọ́ méjì ni kò jẹun nítorí pé wọ́n pa adìẹ rẹ̀ fún àlejò. Orí kunkun yẹn kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tó fi máa di Sunday, kò lè dá rìn mọ́. Èmi àti ìyàwó mi la dì í mú gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Orin gbóná, ẹ̀mí gbé Màmá Wòlíì. Mo kúnlẹ̀, mo dẹtí. Mo gbọ́ orúkọ àbúrò mi. Mo gbọ́ pé kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí ó má fi oògùn kan ẹnu, kí ó má tẹ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, omi àdúrà nìkan ni kí ó máa mu.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ purọ́ lé irọ́. Ì bá dùn mọ́ mi kí n ní ọwọ́ mi ló ṣèèṣì. Kò ṣèèṣì. Mo wo Bùkọ́lá níbi tó jókòó sí lórí ẹní, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, mo sì rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé: "Báyìí ni Olúwa wí. Kí ọmọbìnrin yìí dìde lónìí, kí ó padà sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tí ó dí nínú rẹ̀. Kí ó ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà lójú ọ̀nà." Mo fi Sáàmù sí i kí ó lè jọ ìran.

Mo kà á fún un. Ẹni tí a gbé wá dìde fúnra rẹ̀!

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gbọ́?" ó ní. "Kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ jẹ́ ká lọ wọ taxi."

Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ Friday! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà sì wà níbẹ̀, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú taxi, ó ń ka Sáàmù náà sókè. Gbogbo ibi tí robot, iná ojú pópó, bá ti dá wa dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Dírẹ́bà, ọmọ Zulu, kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ó ṣáà ń ṣe àmín.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ pé láti Friday ni, ó ní, "Eish, bhuti," bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin níbí, "kí lẹ ń ṣe nílé?" Dókítà ní àìsàn náà ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, pé ká ní a sun ilé mọ́jú ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Bí wọ́n ti ń tì í wọlé lọ ni mo kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní, Ọlọ́run, bí o bá dá Bùkọ́lá sí, n kò tún ní fi kún ọ̀rọ̀ rẹ mọ́, n kò sì ní yọ níbẹ̀, títí ayé mi.

Ó dá a sí. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ìyẹn náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Dókítà ní ojú ibi tí wọ́n rán ń jò. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, ó yé mi. Wọ́n wá fi àpò rọ́bà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òróǹro ń ro sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń dà á nù fún un, mo ń kọ bó ṣe pọ̀ tó sílẹ̀ fún dókítà. Mo rán àpò aláǹkárá kékeré kan tó lè máa fi bò ó. Ó ní kí n rán méjì, kí òun lè ní ti òde.

Kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, tẹ̀ lé e. Oṣù yẹn le. Gbogbo oúnjẹ ilé wa ń rùn sí i, àfi pap, tùwó àgbàdo àwọn ará ibí, tí kì í fẹ́ rí sójú tẹ́lẹ̀. A jọ jẹ pap títí ó fi sú èmi.

Ẹ wò ó báyìí! Ó sanra. Ó ti padà sídìí irun. Nígbà tí gbogbo ìlú ń fọn vuvuzela nítorí bọ́ọ̀lù, òun náà ra tiẹ̀, ó ń fọn ọ́n lójú fèrèsé títí ará ilé kejì fi wá bẹ mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó fọn ọ́n. Ohùn yẹn dùn létí mi. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀. Màmá Wòlíì gan-an ní, "Ṣé ẹnu tèmi ló sọ bẹ́ẹ̀? Ògo ni fún Ọlọ́run." Ẹ jọ̀ọ́, n kò kábàámọ̀. Bí ó bá tún di àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe é.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, n kì bá tí yọ yín lẹ́nu.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bàbá Tádé. Bàtà ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ti Bùkọ́lá, ẹ̀mí tún gbé Màmá Wòlíì. Mo gbọ́ ọ pé kí Bàbá Tádé gbé oògùn tì fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí wọ́n gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n máa fi omi àdúrà ṣínu.

Mo fẹ́ yí èyí náà padà. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀jẹ́ mi. Mo ní bí mo bá tún yí i padà, Ọlọ́run lè padà sórí Bùkọ́lá, àpò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Bàbá Tádé ṣubú nídìí bàtà tí wọ́n ń gán. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọn ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, kò sì lè di bírò mú.

Èmi ni mò ń bá wọn kọ lẹ́tà sílé báyìí. Wọ́n á wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa sọ, èmi á máa kọ. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ìwọ ni mo fọkàn tán. O kì í fi kún, o kì í yọ kúrò."

Lánàá, ọmọbìnrin wọn ni a kọ̀wé sí. Ìyá rẹ̀ ti ń bínú pé ìran ló sọ bàbá di aláàbọ̀ ara. Bàbá Tádé ní, "Kọ ọ́ pé kí ìyá rẹ má fi ọ̀rọ̀ kan Ọlọ́run. Ìran kì í purọ́. Akọ̀wé, ṣé ìwọ náà rí ti Bùkọ́lá? Èmi ni mo ṣẹ̀. Mo mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Òun ló ba ààwẹ̀ mi jẹ́." Wọ́n ní, "Ṣé o ti kọ ọ́?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, sà."

Lẹ́tà náà wà lórí máṣíìnì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ń lọ sílé máa wá gbà á ní Thursday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Bàbá, ó máa dé etí Bùkọ́lá, ìgbàgbọ́ tó gbé e dìde lórí ẹní yẹn ni màá fọwọ́ ara mi fọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, bàbá àgbà kan á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ikú nítorí ife tíì kan.

Bàbá mi, bí ẹnikẹ́ni bá ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe tíì yẹn, sà. Èmi ni.