Ẹ̀yìn Etí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìròyìn tó yẹ kó dé ṣáájú àná ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wa gbé wọlé láàárọ̀ yìí, òun ló sì fa ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì jáde ní ọ̀fun mi. N kò ní fi nǹkan kan bò mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ó ń họ orí tí òun fúnra rẹ̀ fá, ó ní fún un pé, "Ìyá Alágboòrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò ní kí n sọ fún yín pé dókítà awọ ara ń bọ̀ lánàá. Àwọn oníbàárà ló gbà mí lọ́kàn. Ìgbà tí mo rí ọkọ̀ dókítà tó ń padà lọ ni mo rántí." Dókítà yìí kì í wá déédéé, tó bá ti lọ, ó di ìgbà tó bá tún rántí wa. Ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi rín. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Dígí mi yẹ̀ mí wò ní Sátidé, ó ní ara mi wà bó ṣe wà. Màá dúró de ìgbà míì." Èmi ni dígí yẹn. Irọ́ ni dígí náà ń pa.

Àfín ni ẹ̀gbọ́n mi, agboòrùn tó bà jẹ́ ló sì ń tún ṣe jẹun. Àwọn aláwàdà a máa kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo bí oòrùn ṣe ń bọ́ ọ̀tá rẹ̀!" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ bá mi sọ fún un kó máa fi ẹran sí i." Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ìka ló fi ń mọ eegun agboòrùn tó ṣẹ́. Iwájú orí rẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ àti etí rẹ̀ ní àwọn ibi tó ń ha lọ́wọ́, bí ẹni pé iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà tí dókítà kọ́kọ́ rí wọn, ó fọ́n oògùn tútù kan tó ń rú bí èéfín sí wọn lára, ó ní, "Ìyá, èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ o, ṣùgbọ́n èyíkéyìí nínú wọn lè dà á lọ́la. Ẹ má fọwọ́ yọ ọ́." Ó wá kọjú sí mi: "Àbúrò, ìwọ lo máa bá a wo ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Èyí tó bá nípọn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò jinná, ẹ má dúró dè mí. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ."

Bó ṣe di pé láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, á ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, á sì tẹrí ba. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó tẹrí ba tó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ń wò ó dáadáa, Ọlọ́run gbọ́. Àfìgbà tí aránṣọ tó múlé gbè wá bẹ̀rẹ̀ sí í yá mi ní ìwé ìtàn, tó sì ń fẹ́ kí n tètè dá a padà. N kò lè gbé e sílẹ̀. Mo gbé àga síbi tí mo ń dúró sí, mo ṣí ìwé sórí itan, ọwọ́ ọ̀tún mi wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ òsì ń ṣí ojú ewé. Tó bá béèrè pé, "Báwo ló ṣe rí?" màá ní, "Ó wà bó ṣe wà, ẹ̀gbọ́n mi." Mo sunkún fún obìnrin inú ìwé tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ọrùn tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi, n kò rí i. Èmi ọ̀dájú!

Ní Sátidé kan, ìka mi kan nǹkan tútù. Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn etí rẹ̀, ọ̀kan ti wú sókè, ó nípọn bí àbẹ́là tó kán sílẹ̀, ó ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tó o dákẹ́? Ibẹ̀ yẹn ń ta mí." Mo rò ó pé tí mo bá sọ òótọ́, á bi mí bó ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ni mo bá ní, "Okùn àkẹtẹ̀ yín ló ha yín." Ó ní, "Mo kúkú rò bẹ́ẹ̀," ó sì dẹ okùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ inú àkẹtẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ nígbà tó ń wẹ̀, kò lọ. Mo tú aṣọ náà, mo rán tuntun sí i. Nígbà tó dé e, ó fi ìka tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Aṣọ tuntun! O ṣeun, dígí mi. Tí kò bá sí ìwọ, ta ni ì bá máa rò tèmi?" Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kò sí èébú tí ẹ fẹ́ bú mi tí n kò tíì bú ara mi.

Láàárọ̀ yìí, bí onígbàjámọ̀ ṣe lọ, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé agboòrùn yẹn sílẹ̀."

"Ha, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo purọ́ fún yín ni. Kì í ṣe okùn ló ha yín. Egbò ló wà lẹ́yìn etí yín, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mo fọ̀ tí kò lọ tí mo fi pààrọ̀ aṣọ àkẹtẹ̀. Ìwé ni mò ń kà lẹ́yìn yín."

Ó na ọwọ́ sí etí, ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà, ó fà á padà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"N kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. N kò wò ó."

Agboòrùn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rọra pa dé fúnra rẹ̀. Mo mú àkẹtẹ̀ náà, mo gbé e fún un. Mo ní, "A kò ní dúró de dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá là ń lọ báyìí, èmi ni màá sì fẹnu ara mi sọ fún wọn pé mo rí i, mo sì fi í pamọ́. Bẹ́ ẹ bá dárí jì mí, bẹ́ ẹ ò bá dárí jì mí, ẹ sáà dìde ká máa lọ."