Wèrèpè Tí Mo Gbọn Sẹ́nu Fèrè Ọ̀gá Ọládèjì

Ẹ̀yin tí a jọ ń fọn fèrè idẹ lórí fóònù, ẹ̀yin mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí ẹ ṣì wà nínú gúrúùpù tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí mọ́, èmi Sàláúdéènì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín lónìí. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí orúkọ mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń bọ́. Kídìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ò sì tàn mí. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ lé mi.

Ẹ̀yin ará Kútọnu àti Lọ́ńdọ̀nù ò mọ yàrá tí ọ̀gá ti ń kọ́ wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nílé Ọ̀gá Gabriel Ọládèjì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ wa, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé. Ẹ rántí òfin rẹ̀: kí kálukú pa ohùn fóònù tirẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fa ohùn sẹ́yìn, bí gbogbo wa bá jọ fọn ún, á dà bí ìgbà tí iná sọ ní Oríta-mẹ́rin. Ọ̀gá nìkan là ń gbọ́, kálukú á máa fọn tẹ̀lé e nínú yàrá rẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá fọn fèrè ní Bẹẹrẹ, páànù mẹ́tàlá á ṣí ní Màpó, èmi ni mo ń bá ọ̀gá di fóònù mú. Afeez ọmọ àdúgbò Bẹyẹrúnkà, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, ló ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu fèrè, ibi tí ètè ń kàn, á wá gbé e sórí áńkáṣífù funfun.

Ní Sátidé kan, ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì fọn níwájú yín. Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí Afeez ṣe ń mí. Sàláú, ariwo nìwọ ń pa." Ẹ fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ bí òjò. Mo bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ta mí lára. Mo ní kí n fi ọ̀gá náà ṣẹ̀rín díẹ̀. Mo já wèrèpè lẹ́bàá odò Ògùnpa, mo wé e sínú ọ̀rá. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, tí Afeez lọ da omi nù, mo gbọn irun wèrèpè náà sínú ẹnu fèrè. Wallahi, kò kún orí èékánná. Mo rò pé á yún un, á họ ètè, ó parí. Òpònú ni mí!

Ọ̀gá fọn ún. Kò pẹ́, ètè rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó já sómi. Mo ní, "Ẹ dúró, sà." Ó ní, "Wọ́n ń tẹ̀ lé mi, Sàláú. Jẹ́ kí n parí orin yìí fún wọn." Ó fọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo wò yín lójú fóònù, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kò sí ohùn kankan. Iyìolúwa, ọ̀kan nínú yín, ká ètè bíi ti ọ̀gá, ó rò pé ọ̀nà tuntun ni. Ẹ̀rín sì pa mí! Ẹ̀rín náà ń mi fóònù lọ́wọ́ mi, àwòrán ń jó lójú yín, ẹ̀yin rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Afeez ló sáré wọlé, tó fi ọwọ́ lásán nu ẹnu ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀gá rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, "Ta ló fọwọ́ kan fèrè mi?"

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan, sà."

Bí Afeez ti ń sọ ọ́ ló ń họ ọwọ́. Èmi ni mo ní, "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, sà."

Ó tán. Ètè ọ̀gá jiná, ṣùgbọ́n àpá inú rẹ̀ ò jẹ́ kó di afẹ́fẹ́ mú mọ́, ẹ̀kọ́ wa sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin náà bú Afeez, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Ó ta fèrè rẹ̀ ní Ọjà'ba, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá ọ̀gá dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Sàláú, bá mi dé Bẹyẹrúnkà. Sọ fún Afeez pé mo ti forí jì í. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run." Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́.  Mo ní, "Màá jíṣẹ́, sà." Mo sì jẹ́ ẹ! Afeez dúró, sìmẹ́ńtì kún ọwọ́ rẹ̀. "Ó forí jì mí kẹ̀? Kí ni mo ṣe, Sàláú?" Mo ní, "Ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù, ó sunkún títí búlọ́ọ̀kù náà fi wó. Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀gá kú.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ forí jì mí. Ẹni tó ni ìdáríjì náà ti fi í sílẹ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo ti padà lọ láti jẹ́wọ́ fún Afeez. Ìyá rẹ̀ ní ó ti kúrò nílùú, òun náà ò mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá rí i, kó ka èyí fún un. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè yín ní aláwàdà, ẹ ṣọ́ra: èmi ò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí tí mo ṣe, àfi èmi.

Ní Sátidé, tó bá di agogo mẹ́rin, mo ṣì máa ń ṣí ibi tí a ti ń pàdé. Ojú mi nìkan ni mo ń rí níbẹ̀. Mi ò pa ohùn fóònù mi. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́.