Aago Baba Ọlátẹ́jú Kò Ṣìnà, Èmi Ni Mo Fà Á Létí

Ẹ̀yin ará wa nínú jámáà Weston Road, ọ̀rọ̀ yìí ti wú sí mi níkùn débi pé bẹ́líìtì kò ká mi mọ́, àfi kí n tú u síta lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dìde láàárín yín láti sọ ọ́, ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu, torí èmi Muhyideen yìí náà ni mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé atẹ́gùn gbé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, kò sọ̀ mí kalẹ̀ àfi ní Georgetown, tí mo wá wọ ọkọ̀ ojú irin padà wálé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì fi í sórí fóònù gbogbo yín. Ẹ kà á dé òpin. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á tán dáadáa, ẹ bá mi fojú fo àṣìkọ. Àwàdà á máa yọjú níbẹ̀, torí bí Ọlọ́run ṣe dá ẹnu mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ, kò sí àbùmọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó burú tó láìbù mọ́ ọn.

Ẹ mọ Baba Ọlátẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Toronto lè má mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìgbà tí àwọn sójà ń jẹ gàba lórí wa nílé ni Baba ti wá síbí, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Àwọn ni ladánì wa. Lóṣù ààwẹ̀, ẹnu wọn ni gbogbo wa ń wò ká tó fi omi kan ọ̀fun, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ibi ìrun wa wà, kò ní fèrèsé, nẹ́tíwọ̀kì kò sì dé ibẹ̀. Alfa Rilwan tún ti pàṣẹ pé kí oníkálùkù pa fóònù rẹ̀ kó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, títí kan àwọn aago ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí fóònù, nítorí fóònù ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ijó nígbà tí a forí kanlẹ̀. Fóònù ta ni? Fóònù tèmi ni. Aago Baba nìkan ló kù. Wọ́n á wo káàdì àkókò ìrun lára ògiri, wọ́n á wo aago, bí àkókò bá pé, wọ́n á dìde pèrun, àwa náà á ju dàbínù sẹ́nu. Ilé Baba náà ni mò ń gbé. Wọ́n fún mi ní yàrá kan nígbà tí mo fi báàgì kan ṣoṣo wọ Kánádà, tí mi ò mọ èèyàn kankan.

Aago yẹn kò ní bátìrì. Bàbá tó bí Baba ló fi lé wọn lọ́wọ́, ó sì lè dàgbà ju ìlú Toronto lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn sún aago síwájú, òtútù ti gan Baba lọ́wọ́, wọ́n wá ní kí n bá àwọn sún un. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí, wọ́n sì là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ìrìn. Oúnjẹ aago náà ni sípíríǹgì kan tó ká bí ejò tó ń sùn. Kókó kékeré kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ aago bí etí, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì so mọ́ ìdí rẹ̀, ó wọ inú lọ. Bí etí náà bá lẹ̀ mọ́ ara aago, tí o wá ń yí i, ọ̀pá yẹn á yí kẹ̀kẹ́ eléyín kan, ìyẹn á yí òmíràn, wọ́n á jọ máa ká sípíríǹgì náà le. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní wáìnì. Mo rí ìkọ́ irin tíńtín kan tó ń bọ́ sáàárín eyín kẹ̀kẹ́ ńlá, kẹ́-kẹ́-kẹ́, kí sípíríǹgì má baà tú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi èékánná fa etí yẹn síta díẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Baba ní lábẹ́ ojú aago, níbi tí ojú kò tó, apá irin kan á ti kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń rìn lórí ọ̀pá náà, kẹ̀kẹ́ yẹn á fi àwọn tó ń wáìnì sílẹ̀, á lọ fi eyín kọ́ àwọn tó ń yí ọwọ́ aago. Etí kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni. Bó bá wà nínú, ó ń bọ́ aago. Bó bá wà níta, ó ń sún àkókò. Mo bi Baba pé ṣé yíyí tí mò ń yí ọwọ́ aago kiri yìí kò ní da inú rẹ̀ rú. Wọ́n ní rárá, ọwọ́ aago kàn fún mọ́ ohun tó gbé e ni, bí fìlà ṣe ń fún mọ́ orí, èèyàn sì lè yí fìlà láìyí orí.

“Inú aago ò ní mọ̀ pé o fọwọ́ kan ojú ẹ̀,” ni Baba wí.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí burúkú. Kò pẹ́ sígbà náà, mo sùn kọjá sààrì, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, mo gbé páálí títí apá mi fi fẹ́ já bọ́. Nígbà tí mo fi dé ibi ìrun, ebi tó ń pa mí kì í ṣe ebi ọmọ èèyàn. Bí wọ́n bá din CN Tower nínú òróró, màá jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, màá fi ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀ ta eyín. Àǹtí Morufat sì ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín sí igun kan, òórùn rẹ̀ ń pè mí lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Baba fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n á bọ́ aago kí omi má baà kàn án, èmi ni wọ́n sì máa ń fi í lé lọ́wọ́. Mo di aago mú. Mo fi èékánná fà á létí. Mo yí i díẹ̀ síwájú, ìwọ̀nba tí dàbínù fi máa tètè dé ẹnu mi. Mo tún ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé bí ààwẹ̀ bá parí, màá sọ ọ́ fún yín, gbogbo wa á jọ rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ni mí. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà Baba, mo sáré ti etí aago padà. Kò wọlé tán. Mi ò mọ̀.

Baba pèrun. Ẹ ti rántí ohun tó tẹ̀ lé e, torí ẹ̀yin náà jẹ ẹ́. Dàbínù ti di omi lẹ́nu wa nígbà tí Àǹtí Sìdíkàt ti ibi iṣẹ́ wọn ní ọsibítù dé, tí wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú yìnyín lẹ́sẹ̀ bàtà.

“Ta ló pèrun?” ni wọ́n bèèrè. “Oòrùn ṣì ń wò mí lójú níta o.”

Alfa Rilwan mú fóònù wọn nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sáré gòkè, wọ́n sì rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin lórí. Wọ́n ní òótọ́ ni, àkókò kò tíì tó, gbogbo ẹni tó ti fi nǹkan sẹ́nu ló máa san ọjọ́ yẹn padà. Baba wo aago, wọ́n gbé e sétí, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní àwọn làwọn ṣì í, kí ẹ má bínú, ojú àwọn ni. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ yín nìyẹn, baba tó lè bí àgbà inú wa, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń gbóná lẹ́nu èmi tí mo ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, bóyá ojú kì bá tì mí tó báyìí. Alfa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣebí èmi ni mò ń bá Baba gbélé, ṣé mo ti rí nǹkan kan tó yàtọ̀ lára wọn. Òtítọ́ ló yẹ kí n sọ. Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi, mo wá fi ẹsẹ̀ tì í pa. Mo ní ó ti ṣe díẹ̀ tí Baba ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹnu mi kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró, kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, Baba gbàgbé iná síbi ìdáná, díẹ̀ ló kù kí ilé jó mọ́ wa lórí. Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀wà tèmi ló jóná lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gbé e kaná tí mo sùn lọ. Baba ló dìde lọ pa á, tí wọ́n ṣí fèrèsé nínú òtútù, tí wọ́n sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Ohun tí mo fi san án fún wọn nìyẹn.

Nínú jámáà wa, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yára ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ó ti dé etí Àmírà ọmọ Baba ní ìlú Courtice kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, lẹ́yìn sààrì, Baba mú aago láti wáìnì ẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, láìlo gíláàsì, pẹ̀lú ọwọ́ tí òtútù ti pa lára. Etí aago ṣì wà níta bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Dípò kí wọ́n bọ́ ọ, ọwọ́ aago ni wọ́n ń yí kiri. Mo wà níbẹ̀, mo rí wọn, mi ò ronú kan ohunkóhun. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, aago sọ pé ọ̀sán ti pọ́n. Nígbà tí ọ̀sán wá pọ́n lóòótọ́, ebi ti pa á, ó dákẹ́.

Baba jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n gbé aago sórí orúnkún. “Muhyideen, ṣé mo wáìnì aago yìí láàárọ̀, àbí mi ò wáìnì ẹ̀?”

“Baba, mi ò rí yín,” ni mo wí, kí irọ́ tí mo ti pa fún Alfa má baà tú.

Ibẹ̀ ni ibi tó burú jù. Ẹ̀yin lè rò pé ti dàbínù ni, tàbí ti iná, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Mo rí ojú Baba bó ṣe yí padà. Baba tí ń bá ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí jà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ń borí rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Nígbà tí Àmírà dé tó ní “Daddy, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ń bọ̀,” wọ́n kàn ní ó dáa. Wọn ò wá síbi ìrun mọ́, ẹ̀yin náà sì ti fi ẹlòmíràn sípò wọn. Ilé Àmírà tóbi, ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú yín níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Bàbá arúgbó kan máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìrònú pé orí òun ti dàrú, nígbà tó jẹ́ orí tèmi ló dàrú.

Lọ́sàn-án àná, Baba ń di ẹrù, èmi ń bá wọn ká aṣọ. Wọ́n bọ́ aago, wọ́n ní kí n máa lò ó, pé àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ mọ́. Mo gbà á. Ìka mi kan etí ẹ̀. Ó yọ síta. Mo tì í wọlé, ó dún kẹ́. Mo yí i, mo gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí mo ṣe àti ohun tí ohun tí mo ṣe tún lọ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín aṣọ, mo sọ gbogbo ẹ̀, ti dàbínù, ti etí aago, ti iná.

Mo ń retí ìgbájú tó máa gbé mi dé Bowmanville. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni Baba bi mí.

“Ìyẹn ni pé orí mi pé?”

“Ó pé, Baba.”

“Mo wáìnì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Ẹ wáìnì ẹ̀, Baba. Mo rí yín.”

Wọ́n fi bùbá tí wọ́n ń ká lọ́wọ́ bojú, èjìká wọn ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Mo ní ẹ̀rín ni, ó tún di ẹkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kó aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ká pe Àmírà. Àmírà bú mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó bú mi ní Yorùbá, ó sì tọ́ sí mi lédè méjèèjì. Nígbà tó bú mi tán, ó ní bí Daddy òun bá ṣì ní àwọn èèyàn wọn ní Weston Road, òun kò ní mú wọn kúrò níbẹ̀. Baba ti forí jì mí ní tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ààwẹ̀ tí mo bà jẹ́ kì í ṣe tàwọn nìkan, àwọn kò lè bá yín forí jì mí.

Torí náà, mo bẹ̀ yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ forí jì mí. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, lọ́jọ́ tí a bá jọ máa san ààwẹ̀ yẹn padà, èmi ni màá se sààrì, èmi ni màá se oúnjẹ ìṣínu, màá sì dúró ti ìkòkò mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí ní ọ̀gá aláwàdà, ẹ má kọ́ eléyìí lọ́dọ̀ mi. Ẹ fi nǹkan tiyín ṣàwàdà. Bí irọ́ bá sì yọ́ jáde lẹ́nu yín, ẹ tètè gbá a mú nígbà tó ṣì kéré, kó tó lọ jókòó sórí ẹlòmíràn.

Baba ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ ó ti ka èyí. Wọ́n ní kò sí wàhálà, ẹ̀yìn pátápátá làwọn á jókòó sí, lẹ́bàá ibi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀.