Ta Ló Ń Bọ̀ Lọ́nà Oko Mi?

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Iléṣà, a ò ní fóònù tá a lè fi nǹkan pa mọ́ sí. Orí la ní. Mọ́tò sinimá á dé, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé-ìwé wa. Fíìmù kan náà ni wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún… ẹ gbọ́, a mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀! Ọmọ tó bá pẹ́ níbi omi, ọ̀rọ̀ ọba inú fíìmù yẹn ni ìyá ẹ̀ máa fi pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ta ló ń bọ̀ lọ́nà oko mi?"

Lọ́dún kan, fíìmù já láàrin. Ariwo ta. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin gbọọrọ kan bá dìde, ó gba ọ̀rọ̀ ọba sọ: "Ta ló ń bọ̀ lọ́nà oko mi?" Kí ló wá ṣe mí? Èmi tójú máa ń tì, mo dá a lóhùn láàrin àwọn obìnrin, bí ayaba ṣe máa ń wí: "Èmi ni, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ ló ń rìn bọ̀, ọkàn mi ti dé tipẹ́."

Bàbá yín àgbà nìyẹn o.

Títí ìyá yín fi kó wa wá sílẹ̀ òkèèrè, sí Turffontein níbí, tí mo bá ti ọjà dé, bàbá yín àgbà á bi mí, màá dá a lóhùn. Tá a bá jà ńkọ́? Á ṣì bi mí. Màá fajú ro, ṣùgbọ́n màá dáhùn. Ìgbà tó wá kú… mo ń wọlé, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. Mo ní ó ti tán nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ṣáà rí tàná. À ń wo fíìmù, iná lọ. Ẹ ní "Eish!", kálukú ki fóònù mọ́lẹ̀. Moyọ̀ yìí lọ mú àbẹ́là ní kíṣìnì. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú òkùnkùn, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "Ta ló ń bọ̀ lọ́nà oko mi?"

Ó ní, "Èmi ni, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ ló ń rìn bọ̀, ọkàn mi ti dé tipẹ́."

Ọmọ tó jẹ́ pé èdè Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn! Mo ní ta ló kọ́ ọ. "Ah-ah, Grandma, ẹ̀yin àti Grandpa now. Every day."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Fíìmù ayé ìsinsìnyí pọ̀; ẹ ń wò ó, ẹ ń gbàgbé ẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sórí, ẹ jọ̀ọ́. Moyọ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sin mí tán, tó o bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí, kí Dèjì àbúrò rẹ bi ọ́. Kó o dá a lóhùn sókè, kí n gbọ́.